Igbó Tí Wolé-wolé Gbá Mọ́

Alága, mo ṣèlérí fún ọ tọkàntọkàn, pẹ̀lú ọwọ́ mi láyà, pé ìtàn yìí kò ní gùn. Bí o bá gbé iṣu kaná kí o tó wá jókòó tì mí, iṣu rẹ kò ní jóná.

Ọkùnrin kan wà. Iṣẹ́ wolé-wolé ló ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. O mọ irú wọn: àwọn tó máa ń wọ agbo ilé láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ kákí, tí wọ́n á ṣí ìkòkò omi, tí wọ́n á wò ó bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì kọ ìwé ẹ̀sùn fún onílé. Ọkùnrin yìí kì í gba ẹ̀bùn, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó ti kọ ìwé ẹ̀sùn fún àna rẹ̀ rí. Ó ti kọ ọ́ fún àlùfáà ìjọ rẹ̀ rí, nítorí koríko ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ó kọ ọ̀kan fún ara rẹ̀ lọ́dún kan, ó sì fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí abúlé bàbá rẹ̀. Ilé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Igbó kan wà lẹ́yìn abúlé tó jẹ́ ti ìdílé wọn, ìsun omi kan sì wà láàárín igbó náà. Gbogbo ilé mọ́kànlá ló ń pọn omi níbẹ̀. Ìsun yẹn kò gbẹ rí, àní nígbà ọyẹ́ tí ètè ènìyàn ń là. Nítorí rẹ̀ ni abúlé ṣe wà. Yàtọ̀ sí omi yẹn, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa gbé ibẹ̀: ọ̀nà wọn burú, iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ọjà sì jìnnà.

Ìdílé ṣe ìpàdé. Wọ́n ní kí wolé-wolé máa bójú tó igbó, nítorí òun ló mọ̀wé jù. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìdílé ló ṣe é, kì í ṣe òun.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ kákí rẹ̀, ó mú ìwé àti kálámù, ó wọ igbó lọ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó rí bà á nínú jẹ́. Igi méjì kò ga bákan náà. Ìrókò dúró gangan, akòko dúró sábẹ́ rẹ̀, wọn kò tò. Ọ̀pọ̀tọ́ kan fara ti arère bí ọ̀mùtí. Afàrà wà níhìn-ín, iṣin wà lọ́hùn-ún, ọ̀pẹ wà níbi tó wù ú. Igi kan ti wó láti ìgbà ayé bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò. Olú hù lára rẹ̀, ìgbín sì ń rìn lórí rẹ̀ bí onílé. Ewé tó jábọ́ sílẹ̀ jìn dé ọrùn ẹsẹ̀. A kò gbá ibẹ̀ rí láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá a. Wolé-wolé ṣí ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ìdọ̀tí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá a níbẹ̀. Opó ni, ilé rẹ̀ ló sún mọ́ igbó jù lọ, ìgbín ló sì wá ṣà.

"Àbúrò mi, kí lò ń kọ?"

"Ẹ̀sùn ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta lo fẹ̀sùn kàn?"

"Igbó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Gbogbo rẹ̀, àbí o yọ ẹnì kan sílẹ̀?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo ilẹ̀. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí àgbàlá yín rí báyìí?"

"Èmi kì í pọn omi ní àgbàlá mi."

Wolé-wolé kò kọ èyí sílẹ̀.

Fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń dúró níwájú igi kọ̀ọ̀kan, ó ń rò ó: kí ni èyí wúlò fún? Èyí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí ìrókò tó ṣeé fi kan ilẹ̀kùn, ó fi àmì sí i. Èyí tí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Igi kan, kò níṣẹ́." Àwọn tí kò níṣẹ́ pọ̀ gan-an. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ ń ro ó, ó wá ń kọ "igi kan" nìkan.

Igi kan wà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn. Tíìkì ni. Ó ti rí i níwájú ọ́fíìsì ìjọba níbi tó ti ṣiṣẹ́. Wọ́n tò ó ní ìlà, ó dúró ṣánṣán, kò sì fara ti ẹnikẹ́ni. Ó ní igi tó níwà nìyẹn. Ó pinnu pé tíìkì ni yóò kún igbó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ránṣẹ́ pe àwọn onígẹdú. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgégi wọn dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gégi. Èyí tó ṣeé là sí pákó, wọ́n là á, wọ́n gbé e lọ. Èyí tí kò ṣeé là, wọ́n dáná sun ún. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìsun, wọ́n bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró níbẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀wọ́, fi àwọn tó yí omi ká yìí sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, òfin kò mọ ẹ̀gbọ́n."

"Òfin wo?"

"Òfin ìmọ́tótó."

"Ṣé òùngbẹ kì í gbẹ ìmọ́tótó ni?"

"Omi yẹn ni yóò tún mọ́ sí i. Ewé kò ní máa jábọ́ sínú rẹ̀ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gé wọn.

Wolé-wolé ta okùn, ó sì gbin tíìkì tẹ̀lé okùn. Ó ṣe òfin pé ní Sátidé tó bá parí oṣù, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ìgbálẹ̀ kan wá, kí wọ́n gbá igbó. Wọ́n ń gbá a. Ewé tó bá jábọ́, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á sun ún. Àwọn obìnrin abúlé bi í bóyá kí àwọn tún máa fi omi ọṣẹ nu ara igi. Ó ní òun yóò ronú lé e lórí.

Ní ọdún karùn-ún, tíìkì ti ga ju ilé lọ. O lè dúró lójú ọ̀nà kí o wo igbó náà já dé òdìkejì. Àwọn àlejò wá láti ìlú, wọ́n ń ya fọ́tò. Olùkọ́ kan dúró láàárín ìlà méjì, ó ní òun kò rí igbó tó jọ kíláàsì báyìí rí. Wolé-wolé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣì ku díẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́. Tíìkì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Igi rere ni. Bí o bá fi í sáàárín àwọn igi mìíràn, kò ní bínú.

Àgbìgbò ló kọ́kọ́ lọ. Kò sọ ìdí. Àwọn ẹyẹ yòókù tẹ̀lé e, nítorí ọ̀pọ̀tọ́ kò sí mọ́ tí wọn yóò jẹ èso rẹ̀. Ìgbín náà lọ, ní ìrìn tirẹ̀. Wolé-wolé kò ka èyí sí àdánù. Ó ní ẹyẹ máa ń yàgbẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni kòkòrò ajewé dé. Nínú igbó àtijọ́, kòkòrò tó ń jẹ irú igi kan ní wàhálà. Bó bá jẹ ọ̀kan tán, á rìnrìn àjò kọjá lára ogún igi tí kò lè jẹ kó tó rí ìkejì. Ẹyẹ wà lọ́nà, èèrà wà lọ́nà, ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n wolé-wolé ti tẹ́ tábìlì fún wọn báyìí, ó sì ti tò ó. Kòkòrò bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n bọ́ sí ìlà kejì. Wọn kò fo igi kankan. Mo gbọ́ pé wolé-wolé dúró wò wọ́n, ó sì kọ́kọ́ yìn wọ́n pé wọ́n mọ ètò.

Ìgbẹ́ wọn ń já bọ́ wẹrẹwẹrẹ lórí ewé tó kù. Àwọn ará abúlé rò pé òjò ni. Obìnrin kan sáré lọ ká aṣọ tó sá sórí okùn.

Tíìkì tún rúwé. Òjò gidi wá dé, ìyẹn ló sì burú jù. Ní àtijọ́, bí òjò bá rọ̀ sórí igbó náà, kì í kánjú. Á bọ́ sórí ìrókò lókè, á ti ibẹ̀ bọ́ sórí akòko, á ti ibẹ̀ bọ́ sórí igi kéékèèké, kó tó bọ́ sórí ewé jíjẹrà tó wà nílẹ̀. Á wá rọra wọlẹ̀ lọ bí àlejò tó ní ẹ̀kọ́. Gbòǹgbò igi kan jìn, ti èkejì kò jìn, kálukú ń mu omi níbi tirẹ̀, wọn kì í jà. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ewé tíìkì tó fẹ̀ bí àwo kó òjò jọ, ó dà á gbàù sórí ilẹ̀ tí ìgbálẹ̀ ti sọ di líle bí ilẹ̀ pálọ̀. Omi kò wọlẹ̀. Ó gba ojú ọ̀nà lọ, ó sì mú erùpẹ̀ dání. Díẹ̀ tó wọlẹ̀ ńkọ́? Gbogbo àwọn igi yẹn, tí gbòǹgbò wọn jìn bákan náà, jọ ti ẹnu bọ ife kan ṣoṣo.

Nígbà ọyẹ́ ọdún keje, omi ìsun dín kù. Ní oṣù kìíní, ó di ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ní oṣù kejì, ó dákẹ́. Wolé-wolé lọ wò ó. Ó ní ibẹ̀ mọ́.

Odò mìíràn tó kù láti pọn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá jáde láàárọ̀, ìgbà tí oòrùn bá dé àárín orí ló tó padà. Ìdílé kan di ẹrù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìdílé kan tún dì í. Kí oṣù tó parí, ilé mẹ́rin ti ti ilẹ̀kùn. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n lọ kí wolé-wolé pé ó dìgbóṣe, wọ́n sì dá ìgbálẹ̀ padà fún un.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó dé, ó rí àpótí àti ẹní tí wọ́n dì sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílùú ti ní kí ìyá òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Kí n tó lọ, wolé-wolé, wá yẹ ilé mi wò. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo fi ìdọ̀tí sílẹ̀."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Àbúrò mi" ló máa ń pè é, láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò tó bẹ́ẹ̀."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣí ìkòkò."

Ìkòkò omi náà wà ní igun ilé. Ìyá wọn ló ni ín, ó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ. Wolé-wolé ṣí i, ó tẹ orí bọ inú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ó pẹ́ nínú rẹ̀.

"Ṣé tanwíjí wà níbẹ̀?"

"Rárá o."

"Ewé ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ìdọ̀tí kankan?"

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n mi."

"O ṣeun. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkòkò mi mọ́. Láti ọjọ́ tí o ti ń ṣí ìkòkò kiri, ṣé o tíì rí èyí tó mọ́ tó o?"

Kò lè kọ ọ́. Ó dé ìkòkò, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí ni kí n ṣe?"

"Dá àwọn tí o gé padà."

"Àwọn wo?"

"Ìwọ lo kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wo ìwé rẹ."

Ó lọ mú ìwé náà wá. Ó kà á sókè. "Igi kan, ó wọ́. Igi kan, ó fara ti èkejì. Igi kan, kò níṣẹ́. Igi kan. Igi kan. Igi kan." Ó ṣí ojú ewé kejì. Bákan náà ni. Ó ń kà á lọ, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí àbúrò òun tètè gbé ìkòkò wá, omi ló dé yẹn.

Ó wá tú ẹrù rẹ̀. Ó jókòó, ó ń dárúkọ igi, wolé-wolé ń kọ. Èyí ni gbòǹgbò rẹ̀ jìn jù. Èyí ni ewé rẹ̀ ń tètè jẹrà, tí àwọn yòókù ń rí oúnjẹ jẹ. Àyùnrẹ́ ń sọ ilẹ̀ tó ti rẹ̀ dọ̀tun. Ọ̀pọ̀tọ́ tó fara ti arère, òun ló ń pe ẹyẹ, ẹyẹ ló sì ń jẹ kòkòrò. Ó dárúkọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó dé ìparí, ó ní, "Mẹ́ta nínú wọn wà tí èmi náà kò mọ iṣẹ́ wọn."

Wolé-wolé gbé kálámù sókè. "Ṣé kí n yọ wọ́n?"

"Àwọn yẹn gan-an ni kí o kọ́kọ́ gbìn. Ṣé o mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Igbó tó ṣẹ́kù ní agbègbè náà wà ní abúlé kejì, lẹ́yìn òkè. Wolé-wolé gbé apẹ̀rẹ̀, ó lọ síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ igbó náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ káàbọ̀, wolé-wolé. Kí ni igbó mi tún ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mo wá tọrọ irúgbìn."

"Nínú igbó tó dọ̀tí báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bù nínú ìdọ̀tí náà."

Ọkùnrin náà jẹ́ kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì kó tó fún un. Mi ò dá a lẹ́bi.

Nínú ìlà tíìkì mẹ́ta-mẹ́ta, wolé-wolé gé ẹyọ kan, ó sì gbin àwọn tó tọrọ sáàárín àwọn tó kù. Ìgbálẹ̀ kò wọ ibẹ̀ mọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, ewé tó ń kó jọ nílẹ̀ ń dùn ún bí egbò. Bó bá ń kọjá, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí omi tó tún sun níbẹ̀. Kò sì sun bíi ti tẹ́lẹ̀: ìkòkò mélòó kan láàárọ̀, ìkòkò mélòó kan nírọ̀lẹ́. Nínú ilé mẹ́rin tó lọ, ẹyọ kan ló padà. Àwọn mẹ́ta yòókù ti mọ ibòmíràn lára.

Ìtàn wọn nìyẹn, Alága. Ó ku tìrẹ.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fi ọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú wa. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún lo bá nínú rẹ̀. O ní wọ́n ń pariwo. O yọ ọdẹ àgbà tó máa ń sùn nínú ìpàdé. O yọ aránṣọ tó máa ń pẹ́ dé. O yọ obìnrin aláró tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá kó tó béèrè ìdí rẹ̀. O ń yọ wọ́n lọ títí ó fi ku mẹ́jọ, ìwọ ìkẹsàn-án. Ilé-ìwé kan náà lẹ jọ lọ, ọdún kan náà lẹ jọ jáde. Mo rí fọ́tò yín. Ó mọ́. Fìlà yín pàápàá, apá kan náà ló tẹ̀ sí.

O wá sọ fún mi pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn sí ilẹ̀ títẹ́jú tó wà lẹ́yìn ọjà, àti pé kò sí ẹni tó takò ó. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó kù tó lè takò ó. Nínú ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sí ẹni tó lo ìgbà òjò kan pé nílùú yìí láti ìgbà tó ti jáde ìwé mẹ́wàá. Obìnrin aláró tí o yọ, ilé rẹ̀ ló kángun sí ilẹ̀ yẹn. Bí o bá bi í, yóò fi ibi tí omi máa ń dé lára ògiri rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án hàn ọ́. Kò ní fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Aláìsàn tó bá wà lórí ibùsùn nígbà tí omi bá wọlé kò ní béèrè irú ohùn tó fi sọ ọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ dé ibẹ̀, lọ pè wọ́n padà. Lọ fúnra rẹ, má fi ìwé ránṣẹ́. Jẹ́ kí aránṣọ pẹ́ dé. Jẹ́ kí ọdẹ sùn. Ọjọ́ tó bá lajú lójijì, kí gbogbo yín dákẹ́ kí ẹ gbọ́. Bí o bá sì rí ẹnì kan láàárín wọn tí o kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, má tíì mú kálámù. Ó lè jẹ́ pé ìwọ ni o kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Jọ̀ọ́, má sọ ìtàn yìí fún àwọn mẹ́jọ yòókù, jẹ́ kó wà láàárín èmi àti ìwọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, gbogbo wọn ló máa gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.